Àpò Owó fún Ọmọ Tí A Kò Mọ̀

Kò sí ìdí láti máa ṣàlàyé fòníkú-fọ̀ladìde fún ará Ìkòròdú tàbí ará Ẹ̀pẹ́. Agboolé wo ni wọn ò ti rí i rí? Ọmọ tí ẹyinjú rẹ̀ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí òjò bá ti ṣú báyìí tí eegun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí wọ́n ń gbé dìde lóru láti wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ rí ìwé jẹ́nótáìpù wọn, àwọn mọ́ṣáláṣí náà sì ti ń béèrè. Ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lè wí fún ọ pé AS kì í fẹ́ AS. Ó dára bó ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnì kan ló jẹ́ AS.

Àwọn baba wa náà rí i, wọ́n sì ka ọ̀pọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àbíkú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní December 1851, Ẹ̀pẹ́ ló lọ tẹ̀dó sí, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́: kò sí Yorùbá tó gbọ́ ọ tí kò mọ ohun tí ojú àwọn òbí rẹ̀ ti rí kí wọ́n tó bí i. Gbogbo àbíkú kọ́ ló jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde o. Ibà pa ọmọ, èéyi pa ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn òde òní gbà pé tirẹ̀ pọ̀ nínú wọn.

Ẹ wá sọ fún ìyá ẹlẹ́ja yẹn pé ọmọ ọdún mẹ́ta kan ládùúgbò ní jẹjẹrẹ. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, ‘Ọmọdé kẹ̀?’ Lójú ọ̀pọ̀ wa, àìsàn àgbàlagbà ni: ti ọmú, ti ilé ọmọ, ti bàbá tí kò lè tọ̀ dáadáa mọ́. Pé ọmọ tí kò tíì mọ ABD ní jẹjẹrẹ, ẹ̀rù rẹ̀ kọjá ohun tí ẹnu ń sọ, la ṣe máa ń wá nǹkan mìíràn pè é. Ibà ló pọ̀ lára rẹ̀. Eyín ló fẹ́ hù. Ọ̀tá ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún káàkiri ayé. Ó wà nílé wa náà. Àwọn ọmọ tó pa láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀ ni a ò kà.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá, dókítà kan náà ló ń tọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde àti jẹjẹrẹ ọmọdé, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó wà lókè òkun sì máa ń dá owó sí méjèèjì pọ̀. Ó nídìí. Inú eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, nínú mùdùnmúdùn tí àwọn ọmọ máa ń fà mu nínú eegun ẹran lọ́jọ́ ọdún. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara ti ń wá, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni platelet ti ń wá, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gé. Nínú fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì pupa kì í dúró ní roboto. Ó ń tẹ̀, ó ń le, ó ń há sínú iṣan, ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní leukaemia, yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun kan ló yàn láti má dàgbà, tí kò ṣiṣẹ́ kankan, tó kàn ń bí sí i. Ẹ wo oko ẹ̀gẹ́ tí èpò gbà mọ́ olóko lọ́wọ́: ẹ̀gẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ilẹ̀ ta gbòǹgbò sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń dín kù tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ń funfun, tí platelet ń tán tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìdí eyín rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tó ń rọlẹ̀, tó tún ń gbóná, tí àwa sì ń ra oògùn ibà fún un lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn irú kan wà tí ìyá lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Bó bá ń wẹ̀ fún ọmọ, tí ọwọ́ rẹ̀ kan kókó líle lápá kan ikùn, tí kò sì dun ọmọ náà, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ kíndìnrín. Bí wọ́n bá fi fóònù ya ọmọ ní àwòrán, tí iná fóònù kọ mọ̀nà, tí ẹyinjú kan pọ́n nínú àwòrán náà tí èkejì sì funfun, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú. Èyí gan-an máa ń dùn mí, nítorí bí wọ́n bá tètè rí i, ẹ̀mí ọmọ kì í bá a lọ, ojú náà pàápàá lè má lọ. Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́: àgbọ̀n ọmọ wú lápá kan, eyín sì ń mì láìjẹ́ pé ó tó ìgbà tí í yọ.

Tiwa ni ẹ̀kẹta yìí. Ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹ̀fọn àti ibà ti pọ̀ ló ti gbilẹ̀ jù. Denis Burkitt, ará Ireland tó ń ṣe dókítà iṣẹ́ abẹ ní Kampala, ló kọ nípa rẹ̀ jáde lọ́dún 1958, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà di òní. Lọ́dún 1964, Anthony Epstein, Yvonne Barr àti Bert Achong, ọmọ Trinidad, rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú rẹ̀ ní London. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa rí fáírọ́ọ̀sì tó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ní UCH Ìbàdàn, oníṣẹ́ abẹ kan tó jẹ́ ọmọ Cameroon, Victor Anomah Ngu, ń fi oògùn wo àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú. Wíwú náà máa ń sọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kò sì rí àìsàn ọ̀hún mọ́ láé. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà ayé kò gbà pé oògùn nìkan lè lé jẹjẹrẹ lọ. Lọ́dún 1972, Ngu àti Burkitt wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ẹ̀bùn tó níyì jù nínú iṣẹ́ ìṣègùn. Àwọn ọmọ Uganda àti ọmọ Ìbàdàn ni ẹ̀rí tí wọ́n gbé wá.

Kí ló wá dé tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ fi ń kú lónìí sí ohun tí ọmọ Ìbàdàn yè é ní 1965?

Ọ̀nà jìn, àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọsibítù ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ọmọdé ń fẹ́ LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Láti Ẹ̀pẹ́, a ó wọkọ̀ dé Ìtòíkin, a ó kọjá sí Ìkòròdú, a ó tún wọ òmíràn dé Máìlì 12, ká tó wá dorí kọ Ojúẹlẹ́gba. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dí ojú títì pa, ilẹ̀ á ṣú sí wọn lọ́nà. Ìtọ́jú leukaemia tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta. Oògùn náà ń pa sẹ́ẹ̀lì búburú, ó sì ń pa rere mọ́ ọn, débi pé bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé kó di òwúrọ̀. Láàárín wákàtí kan ló yẹ kí oògùn ti wọ iṣan rẹ̀. Wákàtí kan, láti Ẹ̀pẹ́, ní agogo méjì òru!

Lẹ́yìn náà ni owó. Ìyá á ti ìsọ̀ pa, bàbá á máa tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ títí ọ̀gá á fi sú, àwọn ọmọ yòókù á wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Lẹ́yìn ìgbà kejì tàbí ẹ̀kẹta tí wọ́n gba oògùn, wíwú á sọ̀, ọmọ á máa sáré kiri ọgbà, owó á sì ti tán. Wọn ò ní padà lọ. Bí oṣù díẹ̀ bá kọjá, àìsàn náà á padà, oògùn tó gbọ́ràn sí tẹ́lẹ̀ kò sì ní ràn án mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, kó kọ́kọ́ ṣírò owó ọkọ̀ wọn. Irú ìyà yìí ló mú kí àwọn kan ní Philadelphia ṣí ilé kan tí àwọn òbí lè sùn sí nítòsí ọsibítù lọ́dún 1974, lẹ́yìn tí wọ́n rí ìdílé ọmọbìnrin kan tó ní leukaemia tí wọ́n ń sùn lórí àga nínú ọsibítù. Orúkọ ilé náà ni Ronald McDonald House, ó sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Kì í ṣe pé àwa ò láàánú. Jímọ̀ wo ni lémọ́ọ̀mù kì í kéde? Sọ́ńdè wo ni wọn kì í gbé àwòrán ọmọ kan síwájú ìjọ? Àwòrán náà á dé orí WhatsApp, ọmọ tí ikùn rẹ̀ wú, nọ́ńbà àkáǹtì lábẹ́ rẹ̀, owó á sì wọlé. Mo ti rí alágbàfọ̀ tó kó gbogbo owó ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ọmọ tí kò bá a tan. Èmi ò ní fojú kéré rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń rí. Ìgbà tí àìsàn bá ti jẹun jìnnà la tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí pásítọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ni owó ń wọlé fún, ti ẹni tí kò lẹ́ni á wà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ náà yè, bó kú, àpò náà ti pa dé nìyẹn, ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí ọmọ Àgbọ̀wà tí tirẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́bọ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Boston yàtọ̀ sí i níbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká tẹjú mọ́. Ní 1947, Dókítà Sidney Farber bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn tuntun kan wo àwọn ọmọ tó ní leukaemia. Ọmọ Íńdíà kan, Yellapragada SubbaRow, ló ṣáájú àwọn tó ṣe oògùn náà. Nínú ọmọ mẹ́rìndínlógún, ara mẹ́wàá yá. Àìsàn náà padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà kankan kò sí rí tí leukaemia ọmọdé ti sá fún oògùn bẹ́ẹ̀, Farber sì mọ̀ pé ó yẹ ká lépa rẹ̀. Ní 22 May 1948, ọmọ ọdún méjìlá kan sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù Boston Braves tó fẹ́ràn jù sì yí i ká. Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Jimmy ni wọ́n pè é. Wọ́n ní bí àwọn olùgbọ́ bá lè dá $20,000, àwọn á ra tẹlifíṣọ̀n fún un kó lè máa wo bọ́ọ̀lù. Ohun tó wọlé lé ní $231,000. Jimmy rí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ gbà, ìyókù sì bẹ̀rẹ̀ àpò kan tí kò tíì pa dé di òní, tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ, tí wọ́n sì fi ń ṣe ìwádìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọ náà ti kú tipẹ́. Lọ́dún 1998, awakọ̀ akẹ́rù kan láti Maine, Einar Gustafson, ẹni tó ti di bàbá àgbà, jáde wá pé òun ni Jimmy.

Nítorí pé wọn ò dárúkọ ọmọ náà, owó rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ. Àwọn tó fi sẹ́ǹtì márùn-ún ránṣẹ́ kò lè sọ ọmọ tí wọ́n gbà là, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò tíì délé ayé nígbà yẹn. Ní Memphis, níbi tí òṣèré Danny Thomas ti ṣí ọsibítù St. Jude lọ́dún 1962 pẹ̀lú irú owó báyìí, bí ọmọ mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yè nínú irú leukaemia tó wọ́pọ̀ jù nígbà náà. Lónìí, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún. Wọn kì í gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ìdílé kankan níbẹ̀, wọ́n sì ti ń wádìí fòníkú-fọ̀ladìde láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún wa láti dá owó fún ìwádìí. Bí a bá fún ọmọ ní owó oògùn, a rí ibi tó wọ̀. Ìwádìí ńkọ́? Ẹ bá mi dé ìdí àtẹ elewé ọmọ lọ́jà Ìkòròdú. Orin ata wà níbẹ̀, a ti ń fi rin ẹnu láti ayébáyé. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò orin ata mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà rí roboto. Inú ìgò ni wọ́n ti rí ìyẹn, ara ọmọ kì í sì í ṣe ìgò. Ó kù kí a wọn oògùn náà, kí a fi ọmọ tó lò ó wé èyí tí kò lò ó, kí a máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ibẹ̀ ni owó ti ń tán. Oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tó ń jẹ́ Nicosan náà, àgúnmu àgbàlagbà Yorùbá kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Àwọn onímọ̀ NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Abuja, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì jáde lọ́dún 2006. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ wó lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, oògùn náà sì dàwátì. Ó ń ká mi lára títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká wo ewé kan tó rí owó ìwádìí. Òdòdó kékeré kan wà tó máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àti níwájú ilé, pétálì márùn-ún, funfun tàbí aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Catharanthus roseus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Oògùn àtọ̀gbẹ ni àwọn olùwádìí Kánádà ń wá nínú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù. Láti inú rẹ̀ ni vincristine ti wá, oògùn tí kò sí wọ́ọ̀dù leukaemia ọmọdé tó lè ṣe aláìní rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe se ewé rẹ̀ fún ọmọ o. Májèlé ni, ìwọ̀nba kíún tí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ ló ń ṣe oògùn.)

Àwọn ìbéèrè kan sì wà tí òyìnbó kò lè bá wa dáhùn. Hydroxyurea ń ran ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́, kó má ní àrùn rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n ó lówó lórí. Ṣé díẹ̀ lè tó? Àwọn dókítà ní Kano àti Kaduna, pẹ̀lú àwọn ti Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà, fún ọmọ 220 ní oògùn náà: àwọn kan gba ìwọ̀n kékeré, àwọn kan gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Èsì tó jáde lọ́dún 2022 ni pé kò sí ìyàtọ̀ nínú iye tí rọpárọsẹ̀ mú. Ìdílé tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan mọ̀ báyìí pé ìwọ̀n kékeré lè dáàbò bo ọpọlọ ọmọ òun. Àwọn ọmọ tiwa ló fi ara wọn dáhùn ìbéèrè yẹn, owó ìwádìí ló sì gbé e.

Àwọn tó ti di ẹrù yìí wà lẹ́bàá wa. Sickle Cell Foundation Nigeria, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akinyanju dá sílẹ̀ lọ́dún 1994, ní ilé tirẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, ó dojú kọ LUTH. Ọsibítù UBTH ní Benin ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún ọmọ kan tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lọ́dún 2011. Láìpẹ́ yìí, Foundation náà àti LUTH bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Èkó. Ní ti jẹjẹrẹ, Dókítà Nneka Nwobbi ló dá Children Living With Cancer Foundation sílẹ̀, Dókítà Adédayọ̀ Joseph sì dá Dorcas Cancer Foundation sílẹ̀. Ti ọmọdé ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Nílẹ̀ olówó, ó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Nílẹ̀ tí kò lówó, wọn ò tó ọgbọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá lọ́dún 2018 pé kó tó di 2030, kó di ọgọ́ta, ó kéré tán. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kún fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ onímọ́tò, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. A mọ bí a ṣe ń dáwó. Tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, láìdúró de àwòrán ọmọ kankan, owó ọkọ̀ Ìtòíkin sí Ìdí-Àràbà á ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó nílò rẹ̀ tó ṣàìsàn.

Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Bí a ṣe ń ṣe owó la ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ti wí fún ẹbí pé kí wọ́n lọ wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni a tó ń sáré, tí bàbá ń pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìmọ̀tà lórí fóònù. Ọmọ tó ń gba oògùn leukaemia lè nílò platelet lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan, platelet kì í sì í ṣeé lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á. Àfi kí ẹni tí kò mọ ọmọ náà ti fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún, tí ara rẹ̀ dá, tó wọn àádọ́ta kílò, lè lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Ọkùnrin lè padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin.